Òkú Inú Ìwé

Gbágùúdá là ń bó lẹ́yìn ilé wa ní Massè lọ́jọ́ tí ayé wa dàrú. Olórí abúlé sáré wọlé, ó ní kọmandan, òyìnbó tó ń ṣàkóso wa, ń bọ̀ láti wá kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ sí ogun àwọn Faransé lókè òkun, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi Ògúndélé sì wà nínú ìwé wọn. Ẹmu ni ẹ̀gbọ́n mi ń dá, ìyàwó rẹ̀ kò tíì pẹ́ nílé. Àwọn tí wọ́n kó lọ ṣáájú, a kò rí ẹnì kan kó padà.

Àwọn àgbà ilé fẹnu kò pé àfi ká sọ pé ó ti kú, ká sì gbẹ́ ibojì. Wọ́n fẹ́ gé irun àti èékánná rẹ̀ sin, bí a ti ń ṣe fún ẹni tó kú sí ìdálẹ̀. Ìyá mi kọ̀ jálẹ̀.

"Ẹ ò ní mú nǹkan kan lára ọmọ mi wọ ilẹ̀."

Ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n wá wé sínú ẹní. Ògúndélé fúnra rẹ̀ bá wọn gbẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó lọ fara pa mọ́.

Nígbà tí kọmandan dé pẹ̀lú àwọn sójà, ògbufọ̀ rẹ̀ wo ibojì, ó wo ìyá mi.

"Òkú ọ̀dọ́ rèé, ojú ìyá rẹ̀ wá gbẹ báyìí?"

A kì í sunkún alààyè; ẹni tó bá ṣe é, ikú ló ń pè. Èmi, tí ọmú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ láyà mi, ni mo bú sẹ́kún, nítorí ìbọn wọn dẹ́rù bà mí. Akọ̀wé wọn kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ògúndélé ti kú. Inú gbogbo ilé dùn. Títí dòní ni ẹkún yẹn ń dùn mí.

Àwọn abúlé mìíràn kò gbà, wọ́n lé àwọn ìránṣẹ́ kọmandan. Ní ọdún kejì, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, àwọn sójà padà wá, wọ́n ń sun ilé. A gbọ́ ìbọn lápá abúlé Tatonnonkon, bí ẹni ń la igi, a sì rí èéfín. A sá wọ àbàtà. Omi dé wa lórúnkún. A jẹ ekùrọ́, a jẹ gbòǹgbò tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ kékeré méjì kú láàárín wa. Oyún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti wọ oṣù kẹjọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ògúndélé ní òun ń lọ hú gbágùúdá wá fún un. Ìyá mi di aṣọ rẹ̀ mú.

"Wọ́n á pa ọ́."

"Ìyá, wọ́n ti kọ mí sílẹ̀ pé mo kú. Ta ní ń pa òkú?"

Ó wọ́ ara rẹ̀ padà dé pẹ̀lú gbágùúdá mẹ́ta àti ọta ìbọn nítan. Ọjọ́ kẹta ló kú. Àwọn sójà wà létí àbàtà, à ń gbọ́ ohùn wọn. Ìyá mi ki aṣọ bọ ẹnu ara rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tẹ òkú náà sínú ẹrẹ̀, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. A kò lè dáná, nítorí náà tútù la jẹ gbágùúdá náà. Èmi náà jẹ níbẹ̀.

Inú àbàtà yẹn ni ìyàwó rẹ̀ bí ọmọkùnrin sí. Nígbà tí ìbọn dákẹ́, a padà sílé. A kò gbọ́ ohùn àkùkọ, a kò gbọ́ ti ajá. Ibojì ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ni wọn kò fọwọ́ kàn. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ń da omi sí fún bàbá rẹ̀ títí tó fi dàgbà, tó sì kú. Ojú tì mí, n kò sọ fún un pé bàbá rẹ̀ kọ́ ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ohun tí ẹ bá ti rí nínú ìwé, ó parí. Lọ́dún tó kọjá, Kọ́lá, ọmọ ọmọ náà, dé láti Àjàṣẹ́. Ó ti lọ sí bíró tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí, ó ń wá ìgbà tí wọ́n bí àwọn èèyàn rẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n kú.

"Ìyá àgbà, ìwé ní bàbá bàbá mi ti kú kí wọ́n tó lóyún bàbá mi. Ọmọ ta wá ni wá?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó mú kálàmù rẹ̀. Ó béèrè ọjọ́ tó kú gan-an. Mo ní àgbàdo ti dé orúnkún. Ó béèrè orúkọ ibi tó kú sí. Ibẹ̀ kò lórúkọ. Ó ní kí wọ́n tó tún ìwé náà ṣe, bíró á béèrè ẹlẹ́rìí méjì tí ikú náà ṣojú wọn.

Mo ka àwọn tí a jọ wà nínú àbàtà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi nìkan ló kù.