Ọkùnrin Tó Ń Pàtẹ́wọ́ fún Páàsì Ẹ̀yìn

Ìfura loògùn àgbà. Láti ọjọ́ tí ọmọbìnrin mi, tí èmi àti ẹ̀ nìkan jọ ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Gángan, ti mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wálé ni mo ti ń fura. Ọmọ Èkìtì ni, ó ń tún fóònù ṣe ní Ìdúmọ̀tà, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta kọjá, n kò rí ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀ tó wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Bí mo bá bi í, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ó ti kù díẹ̀, Dádì." Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bóyá ó ti ní ìyàwó sílé.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan náà ni èmi àti ẹ̀ fẹ́ràn. Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo ní kó tẹ̀lé mi lọ síbi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù lẹ́yìn mọ́sáláṣí, kí n lè mọ irú ènìyàn tó jẹ́.

Kóòṣì tuntun ẹgbẹ́ wa ti kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ní àṣà kan tó ń bí mi nínú. Ẹni iwájú á dá bọ́ọ̀lù padà fún ẹni ẹ̀yìn, ẹni ẹ̀yìn á dá a padà fún gólì, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ní tèmi, ẹni tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, ẹ̀rù ló ń bà á, àbí kó jẹ́ pé ó ti tà wá. Gbogbo wa là ń pariwo, "Gbá a! Gbá a síwájú!" Alfa tó jókòó lẹ́yìn wa bú kóòṣì náà láti Èbúté Èrò dé ìlú òyìnbó.

Ọmọ Èkìtì ń pàtẹ́wọ́. Gbogbo páàsì ẹ̀yìn ló ń pàtẹ́wọ́ fún!

"Kí ló dùn níbẹ̀?" mo bi í.

"Wọ́n ń wá àyè ni, Dádì. Tí wọ́n bá kánjú, àwọn alátakò á gbà á lọ́wọ́ wọn."

Irú ọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta nìyẹn.

Ní ìlàjì kejì, mo ka páàsì dé méjìdínlógún kó tó sú mi. Bí mo ṣe ṣíwọ́ kíkà ni ọ̀kan nínú wọn fi gìgísẹ̀ kàn án, èkejì la ẹsẹ̀ kí bọ́ọ̀lù kọjá, ẹ̀kẹta wá rọra tì í sáwọ̀n bí ẹni ti ilẹ̀kùn. Gbogbo ilé dìde. Alfa ló kọ́kọ́ fò mọ́ mi. A ń jiyàn ẹni tó ni góòlù náà. Ọmọ Èkìtì ní gbogbo wọn ló ni ín, títí kan gólì.

Góòlù náà dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́. Ìdùnnú yẹn ló tú mi lẹ́nu. Mo kígbe níwájú gbogbo ènìyàn: "Wọ́n ti gbá tiwọn wọlé. Ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo lo máa fẹ́ ọmọ mi, àbí o ti níyàwó sílé ni?"

Alfa gan-an na ọrùn síwájú. Ọmọ náà sún mọ́ mi, ó rọra sọ ọ́ kí ẹlòmíì má baà gbọ́.

"Ẹ má bínú, sà. Ó ti pẹ́ tí ẹbí mi ti ṣe tán. Ọmọ yín ló ní ká dúró. Ó ní láti ìgbà tí Mọ́mì ti kú, tí òun bá kúrò nílé, ta ló máa wà pẹ̀lú yín?"

N kò gbà á gbọ́. Mo fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, mo lọ tààrà sílé. Ọmọ mi ń gé ẹ̀fọ́ ní kíṣìnnì.

"Ṣé lóòótọ́ ni pé ìwọ lo ní kí wọ́n dúró?"

Ó ń gé ẹ̀fọ́ náà lọ.

"Dádì," ó ní, "ṣé ẹ tiẹ̀ ti jẹun?"

Ojú tì mí. Mo gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní èmi á gé ìyókù, kó lọ pe ọmọ Èkìtì náà kí àwọn ẹbí rẹ̀ máa bọ̀. N ò tíì gé ẹ̀fọ́ rí láyé mi.