Ọkọ̀ Ṣokoléètì Tí Mo Gbé Lọ sí Ajido

Lọ́jọ́ tí mo gbé ọkọ̀ ojú omi tí mo fi ṣokoléètì ṣe lọ sí Ajido, orí itan ni mo gbé kúlà tí mo kó o sí lé láti Aradagun bí ẹní gbé ìkókó. Sẹ̀nàmi, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ oníbàárà mi, ló ní kí n ṣe é fún ọgọ́rin ọdún bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ ọkọ̀ gbígbẹ́ ni bàbá náà ṣe títí ojú wọn fi fọ́.

Ooru ni ọ̀tá iṣẹ́ wa, pàápàá létí òkun níbí. A ó yọ́ ṣokoléètì lórí omi gbígbóná, a ó dà á sórí òkúta dídán, a ó máa fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ, a ó tún máa kó o jọ, títí yóò fi tutù níwọ̀n. Bí a bá kánjú, á hu funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó tẹ eérú. Ọkọ̀ yẹn dán gbinrin. Mo fín ojú igi sí i lára, mo ṣe àwọ̀n tín-ín-rín sínú rẹ̀, mo fi àjẹ̀ tí wọ́n fi ń tukọ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti ìgbà tí mo ti kúrò l'Ékìtì wá síbí, n kò tíì ṣe ohun tó dára tó o.

Inú Sẹ̀nàmi dùn nígbà tó rí i. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí onífọ́tò yóò fi dé. Ló bá bọ́ síta, ó ń pariwo mọ́ onífọ́tò lórí fóònù. Ó wá ku èmi àti bàbá ní pálọ̀.

"Wọ́n ní o gbé ọkọ̀ wá fún mi. Níbo ló wà?"

"Iwájú yín ló wà, bàbá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, á yọ́."

"Ojú wo ni n ó wá fi wò ó, ìyá mi?"

Mo di ọwọ́ wọn mú, mo gbé e lé imú ọkọ̀ náà.

Wọ́n rọra fọwọ́ tọ̀ ọ́ láti imú dé ìdí. Àwọ̀n yọ́, àjẹ̀ tẹ̀, ṣokoléètì dé ọrùn ọwọ́ wọn. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n tẹrí sún mọ́ ọkọ̀ náà, wọ́n ń fi Ègùn bá a sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń kí ará ilé tó ti ìrìnàjò dé. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dákẹ́. Èmi ò sì gbọ́ Ègùn ju ìkíni lọ.

Nígbà tí Sẹ̀nàmi mú onífọ́tò wọlé, ó figbe ta.

"Àǹtí, kí lẹ ṣe fún mi báyìí?"

Onífọ́tò ò tilẹ̀ gbé kámẹ́rà sókè. Mo ṣèlérí pé bí ọyẹ́ bá dé, n ó ṣe òmíràn. Bàbá kú kí ọyẹ́ tó dé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Sẹ̀nàmi wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo rò pé ìbínú ọjọ́ náà ló ṣì kù.

"Àǹtí," ó ní, "mo gbóhùn bàbá láti ìta lọ́jọ́ yẹn. Mo ti ń pariwo jù, n kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Kí ni wọ́n sọ?"

Mo gbìyànjú láti sín ohùn náà jẹ bí mo ṣe rántí rẹ̀. Ó tẹ́tí, ó ń wo ẹnu mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ. Kò já sí ọ̀rọ̀ kankan ní èdè tirẹ̀, kò sì já sí nǹkan kan ní tèmi.