Bí Mo Ṣe Kúrò Nídìí Oògùn Lọ Kọ́ Iṣẹ́ Dókítà

Mo ti ṣiṣẹ́ apoògùn ní ìlú Richardson nílẹ̀ Amẹ́ríkà fún ọdún mọ́kànlá kí ìyá àgbà kan tó wá bá mi lẹ́nu káńtà lọ́jọ́ kan. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Oṣooṣù ló máa ń wá gba oògùn ẹ̀yìn ríro, á fi ọwọ́ kan di káńtà mú kó tó lè nàró. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó dúró ṣánṣán, ó ní, "Mi ò wá gba oògùn. Mo kàn ní kí n yà kí ọ ni."

Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní dókítà kan ní Garland, ìlú tó wà nítòsí wa, ló gbé ọwọ́ lé òun. Èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, àdúrà ni mo kọ́kọ́ rò pé ó ń sọ. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Rárá o, D.O. ni."

Mo mọ lẹ́tà méjì yẹn dáadáa, ojoojúmọ́ ni mò ń rí i nísàlẹ̀ ìwé oògùn. Mo mọ̀ pé dókítà gidi ni àwọn tó ń jẹ́ oyè náà, pé wọ́n ń kọ oògùn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n sì tún kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ tọ́jú egungun àti iṣan. Àmọ́ wọn ò ṣe é lójú mi rí.

Mo pe dókítà náà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n wá wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ní kí n máa bọ̀ ní àárọ̀ Sátidé. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, awakọ̀ ọkọ̀ ńlá kan wọlé tí kò lè yí ọrùn. Dókítà náà ti ìka bọ abẹ́ ìpàkọ́ rẹ̀, ó ń wá ibi tó ń dùn ún jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, ó sì ń bi í léèrè bó ṣe ń sùn. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà yí ọrùn sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo wo ọwọ́ tèmi. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ìgbà tí mo bá ń gún ènìyàn lábẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan ni ọwọ́ mi ń kan aláìsàn.

Nígbà tí a ń jẹun lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan, mo sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ní ọmọ ọdún méjìlélógójì yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ni yóò máa gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé?"

"Mi ò tíì mọ̀."

"Èmi ni. Màá sọ fún wọn níbi iṣẹ́ kí wọ́n yí àkókò mi padà."

Àbígbẹ̀yìn wa ní, "So you'll have homework too?"

Ìyá mi bi mí lórí fóònù láti Abẹ́òkúta bóyá wọ́n lé mi níbi iṣẹ́ ni. Nígbà tí mo ní rárá, wọ́n gbàdúrà fún mi títí kírẹ́díìtì wọn fi tán.

Mo ní láti ṣe ìdánwò àbáwọlé, mo sì ti gbàgbé gbogbo físíìsì tí mo kọ́. Obìnrin ará Vietnam tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní fámásì ló ń bi mí ní ìbéèrè lákòókò ìsinmi wa. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ kọ fọ́ọ̀mù, kò sí iléèwé kankan tó pè mí. Mo lọ jókòó sínú mọ́tò, mo ń sunkún. Obìnrin náà kan gíláàsì, ó na tíì gbígbóná sí mi. "Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tèmi," ó ní. "Ṣé wọn ò ní gba fọ́ọ̀mù lọ́dún tó ń bọ̀ ni?"

Mo tún kọ fọ́ọ̀mù. Iléèwé kan pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí mo fẹ́ fi iṣẹ́ tó dára sílẹ̀. Gbogbo ohun tí mo há sórí fò lọ, ni mo bá sọ ti awakọ̀ yẹn fún wọn.

Orí fóònù ni mo wà lọ́jọ́ tí èsì dé, tí mò ń bá obìnrin kan ní ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì jiyàn nítorí pé wọn ò fẹ́ sanwó oògùn ikọ́ fée oníbàárà mi kan. Mo rí i-meèlì náà lójú kọ̀ǹpútà, mo sì ń kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?" obìnrin náà bèèrè.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí síléèwé dókítà ni."

Ó pariwo débi pé mo ní láti gbé fóònù kúrò létí. Ó bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ tún ka nọ́ńbà oníbàárà yẹn fún mi. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí a lè ṣe sí i."