Ṣílè Tí Yèyé Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Fọ̀

Ní Adó, bóyá ni ọwọ́ kan wà tó mọ igi í dán bíi ti Bámgbóyè káfíńtà. Àga. Ilẹ̀kùn. Àpótí ìyàwó. Bó bá gbẹ́ igi tán, yóò mú ewé ìpín, yóò máa ha á títí ojú igi yóò fi jọ̀lọ̀. Ohun tí kò bá dán, lójú tirẹ̀, kò tíì parí.

Àṣà yìí ló fẹ́ kó bá a lọ́dún 1934.

Ayùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ dá. Ayùn ńlá, kan ṣoṣo tó ní. Ó dá sí méjì nínú ìrókò, nígbà tí àga gbọọrọ méjìlá ti ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà nílẹ̀ tí wọ́n ń retí kí Ìkórè tó dé. Ṣílè mẹ́jọ ni ayùn tuntun. Àwọn àgbà ìjọ sì ti sọ ọ́ ṣàkó: bí kò bá rí ayùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, káfíńtà Ìgèdè ni yóò gba iṣẹ́ náà.

Kòkó kò lówó lórí lọ́dún náà. Ta ni yóò yá a?

Ohun tó wà nílé ni ṣílè fàdákà márùn-ún tí bàbá rẹ̀ olóògbé mú ti ìdí iṣẹ́ rélùwéè bọ̀, láyé Ọbabìnrin Fìktóríà. Wọn kò ná an rí. Inú àkísà ni wọ́n wà, wọ́n ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

Akọ̀wé kan sì wà ní ọ́fíìsì Ajẹ́lẹ̀, Olúfúnṣọ́, ọmọ Abẹ́òkúta, tó ń kó owó àtijọ́ jọ bí ọmọdé ṣe ń ṣa ọmọ ayò. Ó ti ní kí Bámgbóyè kó wọn wá. "Bí ojú wọn bá dára, màá san ju ṣílè kan lọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Bí ojú wọn bá dára! Ṣé iṣẹ́ Bámgbóyè kọ́ nìyẹn? Ẹlẹ́fọ̀ọ́ pàápàá a máa gbọn eèpẹ̀ kúrò lára ẹ̀fọ́ kó tó pàtẹ. Eérú. Ọsàn wẹ́wẹ́. Ewé ìpín. Láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi dé àtàrí. Mẹ́rin nínú wọn ń tàn yanran.

Ó nawọ́ sí ìkarùn-ún. Àtọ́kẹ́, ìyá rẹ̀, ti mú un.

"Kí lo fẹ́ fi èyí ṣe?"

"Mo fẹ́ fọ̀ ọ́ ni, Yèyé."

"Fọ kí ni? Ọwọ́ bàbá rẹ ló gbẹ̀yìn lára ẹ̀. Bí dídán bá ń wù ọ́ tó báyìí, ṣebí orí rẹ ti ń pá, lọ dán an."

Ó bẹ̀ ẹ́ títí. Ìyá kọ̀. Ìgbà tí Bámgbóyè ní òun yóò mú un lọ fún akọ̀wé náà bó ṣe rí ni ìyá tó gbà, ó sì so ó mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ ara rẹ̀. "A jọ ń lọ ni. Mi ò fọkàn tán ìwọ àti ewé rẹ."

Ní ọ́fíìsì, Olúfúnṣọ́ gbé ṣílè dídán kan sún mọ́ ojú.

"Háà, ọ̀gá káfíńtà! Ta ló bínú sí ọbabìnrin yìí?"

"Mo fọ̀ wọ́n ni."

"Fífọ̀ kọ́ lẹ fọ̀ ọ́, ẹ bó o lójú ni! Irun orí rẹ̀ dà? Imú ńkọ́?" Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ gbọ́ o. Èyí tí ọjà kò fọwọ́ kàn rí, tí irun orí ọba ṣì ṣeé kà, òun ló wọ́n jù. Èyí tó ti rìn díẹ̀, tí ojú ṣì wà, ó tẹ̀ lé e. Èyí tó ti rìn títí, tó ku òjìji orí nìkan, a ṣì lè rà á. Ṣùgbọ́n èyí tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ha? Ẹ lọ ná an ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣílè kan ni, ṣílè kan náà ni yóò máa jẹ́."

"Ìdọ̀tí ara rẹ̀ tí mo fọ̀ kúrò ńkọ́?"

"Ìdọ̀tí kọ́. Ọjọ́ orí rẹ̀ ni."

Ṣílè mẹ́rin. Ààbọ̀ ayùn. Bámgbóyè ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ tí gbogbo ìlú ń yìn.

Àtọ́kẹ́ tú ìṣẹ́tí aṣọ. Akọ̀wé gba ṣílè dúdú náà, ó fi ìka méjì di etí rẹ̀ mú. Ó wo irun orí ọbabìnrin, ó ṣì ṣeé kà.

"Ìyá, màá san ṣílè márùn-ún lórí èyí."

Bámgbóyè gbé orí sókè. Ìyá kò mira.

"Níbo lo máa fi sí?"

"Inú àpótí mi, lórí òwú."

"O ò ní fọ̀ ọ́?"

"Láéláé, Ìyá."

"O ò ní fi ra àkàrà?"

Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín. "Àkàrà ṣílè márùn-ún! Ta ló máa jẹ ẹ́ tán?"

Àtọ́kẹ́ wo ṣílè náà pẹ́. "Mú un. Ẹni tó ni ín kì í ṣe ọ̀lẹ. Kò ní fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ jókòó lásán."

Bámgbóyè dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú àwọn akọ̀wé yòókù. "Yèyé, ẹ ṣeun. Ẹ ò jẹ́ kí n ba gbogbo rẹ̀ jẹ́."

"Dìde jàre. Ṣọ́ọ̀bù aláyùn kò ní dúró dè wá."

Ọjọ́ náà gan-an ni ayùn tuntun bọ́ sínú ìrókò. Àga méjèèjìlá pé kí Ìkórè tó dé. Lọ́jọ́ Ìdúpẹ́, Àtọ́kẹ́ ló kọ́kọ́ jókòó, níwájú pátápátá. Ó sún sọ́tùn-ún, ó sún sósì.

"Àga yìí le," ló wí.

"Ẹ ṣeun, Yèyé," ni Bámgbóyè dá a lóhùn.