Ọjọ́ Orò Tí Mo Gbéra Lọ sí Ilé Ìwé

Láti abúlé apẹja la ti kó wá sí Ìkòròdú. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé ìwé ìjọba, tíṣà wa, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, nà mí lẹ́gba mẹ́ta nítorí pé mo pẹ́. Lọ́jọ́ kejì, mo tètè jáde. Títì dá páropáro. Mi ò rí obìnrin kankan, adìyẹ gan-an ò ké.

Ọwọ́ kan yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó fà mí wọlé. Ìyá àgbà kan ni. "Orò ń jáde lónìí! Obìnrin kì í rìn! Wọn ò sọ fún ẹ ni?"

Ta ni ì bá sọ? Ẹni tó bá mọ̀ rò pé gbogbo ayé ló mọ̀. Ó ṣì ń bí mi nínú dòní.

Ta ni mo bá lórí ẹní nínú yàrá? Tíṣà mi! Ẹnikẹ́ni ò sọ fún òun náà. Ó rọra bi mí ìgbà tí a dé ìlú. Mo ní oṣù kan. Òun ò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Ìyá àgbà gbé ẹ̀bà fún wa nínú àwo kan. Mo káwọ́ gbera, mo ń dúró kí àgbà kọ́kọ́ bù ú. Tíṣà ti àwo náà sọ́dọ̀ mi.

"Ẹ bu òkèlè, mà," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ ṣáájú mi dé ìlú yìí."