Ẹ̀fọ́ Tí Mo Fín Fílíìtì Sí

Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ ìwà agọ̀ tí èmi àgbà yìí hù lọ́sẹ̀ tó kọjá: mo fín fílíìtì sí ẹ̀fọ́ táwọn ọmọ iléèwé fẹ́ jẹ! Bẹ́ẹ̀ ni, fílíìtì tí wọ́n fi ń pa aáyán. Ẹ má tíì bú mi, ọ̀rọ̀ ṣì kù.

Kíṣìnnì iléèwé kan ní Mariners Harbor, ní Staten Island lókè òkun níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń fọ ẹ̀fọ́, tí mò ń gé e, tí mò ń bu oúnjẹ fáwọn ọmọ. Ìyá Bọ́lá, ọmọ Abẹ́òkúta, ló ń sè é. Oúnjẹ inú fírísà la máa ń gbé fún wọn tẹ́lẹ̀, èyí tó dà bíi páálí tí wọ́n rẹ sómi.

Ọ̀gá iléèwé wa, obìnrin kan tójú ẹ̀ le bí òkúta, wá ní ká dán àgbẹ̀ kan wò. Mista Walt lorúkọ ẹ̀. Oko ẹ̀ ò jìnnà sílùú, kì í fi kẹ́míkà kankan sí ohun tó bá gbìn, ohun tó bá sì jáde lásìkò ló máa ń kó wá fúnra ẹ̀. Táwọn ọmọ bá jẹ tàkọ́kọ́ yìí láìsí wàhálà, ọwọ́ ẹ̀ niléèwé á ti máa ra ẹ̀fọ́.

Ẹ ò mọ bínú ọkùnrin náà ṣe dùn tó! Bó ṣe ń já ẹrù ló ń sọ fún wa pé ọjà òun ti ń kú lọ, pé tí iléèwé yìí ò bá gba òun, òun á ta ilẹ̀ náà ni. Ó ń wojú mi bí ẹni pé èmi ni mo máa fọwọ́ sí i.

Ìgbà ìkórè nìyí, ẹ̀fọ́ kéèlì àti elégédé ló kó wá. Mo gbé páálí ẹ̀fọ́ wọ yàrá tí à ń kó oúnjẹ sí. Mo ṣí i. Kí ni mo rí? Kòkòrò! Aláwọ̀ ewé, ó sanra bí ìka mi, ó gbórí sókè, ó ń wò mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Irùngbọ̀n mi ti funfun, mo ti wakọ̀ nínú yìnyín nílùú yìí. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń wọ́? Orí àga ni mo bá ara mi! Fílíìtì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà nítorí aáyán ilé mi sì wà nínú báàgì. Mo fín in! Kò sí páálí tí mi ò fín, mo sì ń pariwo Jésù. Mo rò pé màá kàn fi iyọ̀ àti omi fọ ọ́ bí a ṣe ń fọ ẹ̀fọ́ nílé, ó parí.

Àfi bí ọ̀gá ṣe wọlé. Ó fimú fa atẹ́gùn, ó ní òórùn wo lèyí? Mo ní mi ò mọ̀.

Mi ò mọ̀, kẹ̀! Ọ̀gá ní áà, àgbẹ̀ tó lóun kì í lo kẹ́míkà! Lójú ẹsẹ̀ ló ti fi fóònù ránṣẹ́ sí gbogbo òbí, pé ẹ̀fọ́ tó ti oko Mista Walt wá ń rùn bíi májèlé, pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, àwọn ọmọ ò tíì jẹ ẹ́.

Bó ṣe jáde ni Ìyá Bọ́lá wò mí láti òkè délẹ̀. “Bàbá Tólú, kí ló ń rùn lára aṣọ yín? Kéèlì náà ni?”

Àṣé ó ti yọjú rí mi lórí àga nígbà tí mò ń pariwo Jésù! Mo ní kó gbẹ́nu ẹ̀ dákẹ́.

“Ọkùnrin gìrìpá! Kòkòrò lé yín gorí àga, ọ̀gá wá lé yín wọ abẹ́ ẹ̀!”

Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ta ló máa gba arúgbó bíi tèmi síṣẹ́ tí wọ́n bá lé mi níbí?

Wọ́n pe Mista Walt padà, kò tíì rìn jìnnà. Ó gbóòórùn ẹ̀fọ́ ẹ̀. Ó búra pé òun ò fi nǹkan kan sí i. Ọ̀gá ní imú òun kì í purọ́. Ni bàbá náà bá fa ewé kan yọ, ó lóun á jẹ ẹ́ níṣojú gbogbo wa. Ó ti gbé e dẹ́nu!

“Má jẹ ẹ́ o! Májèlé ni! Èmi ni mo fín in!”

Yorùbá ni mo fi pariwo ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ti sá lọ pátápátá. Mo gbá ewé náà dànù lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyá Bọ́lá ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi fún wọn, kò sì yọ nǹkan kan sílẹ̀, títí kan orí àga. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Mista Walt ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Kò tiẹ̀ wojú mi. Ọ̀gá ló kọjú sí, tó ń bi í pé ṣé kóun kó òmíràn wá lọ́la, ṣebí wọ́n ti mọ ẹni tó ṣe é báyìí?

Èmi? Wọn ò lé mi o! Wọ́n kàn gbé mi kúrò nídìí ẹ̀fọ́ lọ sídìí garawa ìdọ̀tí. Iṣẹ́ mi wà, owó oṣù mi ń wọlé. Ẹ rí i bí ayé ṣe rí?

Ẹ̀yin èèyàn mi, tẹ́ ẹ bá ti ṣàṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́ kí irọ́ tó jáde nínú yàrá, torí ẹ ò ní lè sáré bá a. Ṣé ẹ̀yin náà ti dákẹ́ rí, tí ẹlòmíì wá jìyà ẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kó má jẹ́ èmi nìkan lẹ óò máa bú. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún mi pé ó ṣì máa dáa o. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀gá dá bàbá náà lóhùn.

Ó ní: “Mo mọ̀ pé ẹ ò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n àwọn òbí ti gbọ́ májèlé pọ̀ mọ́ orúkọ oko yín. Kò sẹ́ni tó máa dúró gbọ́ ìyókù.”