Òjò Tí Wọ́n Ní Kí N Fọ̀

Òórùn ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ni mo fi ń rántí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà yẹn. Kí ẹnikẹ́ni tó tan kọ̀ǹpútà láàárọ̀ ni òórùn náà ti máa ń gba ojú fèrèsé wọ inú gbọ̀ngàn tí wọ́n kó wa jọ sí ní Ọ̀wọ̀, gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ẹlẹgbẹ́ mi á sì yí imú sí ọ̀nà ibẹ̀. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá nìyẹn, òun àti ìwé ẹ̀rí tí wọ́n máa gbé kọ́ ara ògiri. Èkó ni olùkọ́ wa ti wá. Kóòtù dúdú ló ń wọ̀ nínú ooru, ó sì ń pè wá ní "ẹ̀yin àgbà wa" pẹ̀lú ohùn téèyàn fi ń rẹ ọmọ jòjòló lẹ́kún.

Èmi ní ohun tí mo bá wá. Ìyàwó mi, tó ti kú kí ọdún yẹn tó bẹ̀rẹ̀, jẹ́ olùkọ́ jọ́gíráfì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Idogun. Ọmọ Àkókó ni, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan lábọ̀. Láràárọ̀ ló máa ń lọ sẹ́yìn kíláàsì lọ wọn omi òjò tó bá wà nínú agolo tí ó rì mọ́lẹ̀ síbẹ̀, tó bá sì délé, á tẹ̀ ẹ́ sínú fáìlì kan: ọjọ́ lápá kan, ìwọ̀n òjò lápá kejì. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe é. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, kọ̀ǹpútà ilé bàjẹ́, ẹ̀dà kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù sì wà nínú fíláàṣì tí mo so mọ́ kọ́kọ́rọ́ mi. Mo gbà gbọ́ nígbà náà pé bí mo bá lè gbé fáìlì yẹn sínú ohun tí wọ́n ń pè ní nótíbúùkù, níbi téèyàn ti ń kọ àṣẹ sínú àpótí kéékèèké tí ẹ̀rọ á sì fèsì nísàlẹ̀, ẹ̀rọ á sọ nǹkan fún mi nípa rẹ̀ tí ojú tèmi kò rí. Àgbàlagbà tó kàwé, tó ń retí kí kọ̀ǹpútà bá òun sọ̀rọ̀ ìyàwó òun!

Ẹ̀kọ́ náà kò ju ká máa da ohun tí olùkọ́ ń fi ẹ̀rọ tàn sára ògiri kọ. Àwọn tó jókòó níwájú mi da gbogbo rẹ̀ kọ, títí kan orúkọ fáìlì olùkọ́ fúnra rẹ̀, ó wá ń yà wọ́n lẹ́nu pé tiwọn kò ṣí. Olùkọ́ ní ká pe tábìlì nọ́ńbà tí a bá ṣí sínú ẹ̀rọ ní "df". Mo béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. "Ẹ ṣáà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, sà." Mo kọ "ojo".

Ẹ̀rọ kọ lẹ́tà pupa sí mi pé fáìlì náà kò sí. Bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀ tí mò ń wò ó! Obìnrin tó jókòó tì mí, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́, bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, inú fíláàṣì ló wà, inú kọ̀ǹpútà lẹ ti ń wá a. Ẹ júwe ilé fún un. Tèmi náà ò tíì ṣí o, àmọ́ kúlà ìrẹsì á ṣí."

Mo júwe ilé fún un, mo kọ ọ̀nà tó wọ inú fíláàṣì, tábìlì ìyàwó mi sì yọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí ẹ̀rọ ro òjò oṣooṣù pọ̀, pupa tún dé. Olùkọ́ wá, ó tẹ̀ síwájú, ó rí i pé ọ̀rọ̀ wà láàárín àwọn nọ́ńbà ìyàwó mi. Ó kà á sókè fún gbogbo gbọ̀ngàn: "'Díẹ̀ ṣá.' 'Agolo kún àkúnya, mi ò lè wọ̀n ọ́n.' 'Ewúrẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti da omi nù.'"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

"Dátà yìí dọ̀tí, ẹ̀yin àgbà wa. Ẹ jẹ́ ká fọ̀ ọ́."

Dátà ìyàwó mi ló pè ní dọ̀tí, obìnrin tí kì í jẹ́ kí abọ́ kan sùn láìfọ̀. Mo béèrè bó ṣe fẹ́ fọ̀ ọ́.

"Ká yọ gbogbo ìlà tí kì í ṣe nọ́ńbà, ká sì tọ́jú èyí tó mọ́ sórí ti tẹ́lẹ̀, kó rọ́pò rẹ̀."

"Ti tẹ́lẹ̀ wá ńkọ́?"

"Kí lẹ tún fẹ́ fi ṣe, sà?"

Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí kọ̀ǹpútà tó wà níwájú mi, ó ń tẹ̀ ẹ́. Mo na ọwọ́, mo fa fíláàṣì náà yọ.

"Háà! A kì í yọ ọ́ bẹ́ẹ̀! Fáìlì lè bàjẹ́!"

Ìgbà yẹn ló wá ń bẹ̀rù kí fáìlì má bàjẹ́. Mo dìde. Obìnrin ẹ̀gbẹ́ mi bi mí pé, "Bàbá, ẹ ò ní dúró jẹun ni?" Mo ní kó bá mi jẹ tèmi.

Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tẹ ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, mo ní kí wọ́n bá mi ṣí i. Gbogbo rẹ̀ pé. Ewúrẹ́ náà wà níbẹ̀.

Mo ti ra kọ̀ǹpútà tèmi látìgbà náà, mo sì ti fara balẹ̀ kọ́ ọ. Ojútùú rẹ̀ kò ju pé kéèyàn sọ fún ẹ̀rọ kó ka gbogbo òpó ìwọ̀n òjò, ìyẹn apá kejì yẹn, sí ọ̀rọ̀, kó sì ṣí òpó tuntun fún nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti ìyàwó mi á wà bó ṣe wà. Ọkùnrin oníkóòtù ì bá ti sọ ọ́ kó tó mí lẹ́ẹ̀kan, ká ní ó mọ̀ ọ́n. Mo gbọ́ pé àwọn olùkọ́ ló ń dá lẹ́kọ̀ọ́ báyìí. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹ̀rọ náà yàwòrán òjò fún mi nígbẹ̀yìn: òjò ń pọ̀ sí i títí di oṣù keje, ó ń sinmi nínú oṣù kẹjọ. Gbogbo àgbẹ̀ Ute ló mọ̀ bẹ́ẹ̀ láìtan iná. Nípa ìyàwó mi, kò sọ nǹkan kan. Àwọn ìlà tí wọ́n fẹ́ fọ̀ dànù nìkan ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Mo ti ri agolo kan mọ́lẹ̀ sẹ́yìnkùlé mi. Lánàá, òjò kan kán, kò tó ohun tí wọ́n ń wọ̀n. Mo ṣí fáìlì náà, mo dé ìsàlẹ̀ ibi tí ìyàwó mi kọ ọ́ dé, níbi tó yẹ kí n tẹ nọ́ńbà sí, mo sì tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀: díẹ̀ ṣá.